Ọjọ́ Tí Cyril Swindells Yí Ọkọ̀ Rẹ̀ Padà

Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé mo mọ ohun tí èmi àti Cyril Swindells fi odindi ọjọ́ kan ṣe. A kúrò níbì kan láàárọ̀, a sì tún padà síbẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni Cyril nílùú Macclesfield, nílẹ̀ Òyìnbó, kó tó fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn náà, òun àti Nesta ìyàwó rẹ̀ ta ilé wọn, wọ́n ra ọkọ̀ ojú omi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń jẹ́ Lapwing, wọ́n sì kó wọ inú rẹ̀, lórí odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ fún ọkọ̀, tó gba ẹ̀yìn ìlú kọjá. Nínú oṣù kìíní, Nesta yọ̀ ṣubú lórí yìnyín, egungun ìbàdí rẹ̀ kán. Lọ́jọ́ kejì ọjọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ Cyril ni ilé ìwòsàn fẹ́ dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n orí ibùsùn ni yóò wà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Ibùsùn yẹn gan-an ni wàhálà Cyril. Wọ́n ti kàn án mọ́ ara ọkọ̀ lápá ọ̀tún, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí bèbè tí àwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn.

"Kò ní í rí ju bàtà lọ," ó sọ fún mi. "Bàtà, àti ìdí ajá. Nesta tó fẹ́ràn omi! Mo fẹ́ kó máa jí rí pẹ́pẹ́yẹ."

"Ẹ ò ṣe gbé ibùsùn lọ sápá òsì?"

"Ibẹ̀ la ń gbà kọjá. Ṣé kí n máa gun orí ìyàwó mi lọ sílé ìgbẹ́ ni?"

Ọkọ̀ ló wá kù láti yí. Ṣùgbọ́n Lapwing gùn ju bí odò náà ṣe fẹ̀ lọ, kò ṣeé yí níbi tó wà. Ó di ibi tí wọ́n ti dìídì gbẹ́ odò fẹ̀, lápá àríwá, ibẹ̀ sì jìn. Èmi tí mo wá fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò fún ìwé ìròyìn wa, ó gbé ife tíì lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n tú okùn iwájú.

Ọkọ̀ náà ń rìn bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò wù ú. Obìnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ lórí bèbè kí wa, ó bá wa rìn díẹ̀, ó sì fi wá sílẹ̀. Cyril ní kí n di ọ̀pá ìtukọ̀ mú. Mo tì í sósì, iwájú ọkọ̀ yà sọ́tùn-ún, a wọnú koríko lọ.

"Òdìkejì ibi tóo fẹ́ lọ ni kóo tì í sí, ọmọ mi."

"Ta ló ṣe é báyẹn?"

"Omi ni. Lọ bá omi jà."

Ó dúró kó dín ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ó tún dúró kó se tíì. Mo bi í bóyá ẹlòmíì ò ní í gba ibi tí a kúrò, nítorí kò sẹ́ni tó ni ín.

"Nínú òtútù yìí? Ta ló tún ya wèrè bíi tèmi?"

Níbi tí odò ti fẹ̀, ó ti imú ọkọ̀ bọ inú àyè náà, èmi ń fi ọ̀pá tì í lẹ́yìn. Lapwing yí díẹ̀díẹ̀, bíi màlúù tí wọ́n ń fà kúrò nídìí koríko. Cyril pariwo ayọ̀ bí ọmọdé.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, orí mi dàrú. Gbogbo igi tó wà lọ́tùn-ún ti bọ́ sósì.

"Ibùsùn ńkọ́?"

"Ọ̀tún."

"Ọ̀tún ìsinsìnyí àbí ọ̀tún àárọ̀?"

"Ọkọ̀ kì í pààrọ̀ ọ̀tún, akọ̀ròyìn. Ìyókù ló yí."

Ọkọ̀ pupa kan ló jókòó sáyè wa. Obìnrin tó ni ín, Avril, ń la igi lórí òrùlé rẹ̀.

"Kò burú," Cyril sọ. "Àyè wà lẹ́yìn Afárá Ejò."

A gba abẹ́ afárá kọjá, a kan èèkàn, a so okùn, a wọlé lọ wo fèrèsé. Bàtà méjì kọjá. Ìdí ajá tẹ̀ lé e.

Cyril jókòó sórí ibùsùn, ó di orí mú. Èmi náà wo fèrèsé, mo wo ọwọ́ mi méjèèjì, ọ̀rọ̀ náà ò yé mi. Nígbà tó yá ló rántí. Láyé ìgbà tí ẹṣin ń fa ọkọ̀, wọ́n kọ́ afárá yẹn lọ́nà tí ẹṣin fi lè gorí rẹ̀ bọ́ sí òdìkejì odò láìtú okùn. Bí a ṣe gba abẹ́ rẹ̀, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ti gba orí rẹ̀ rékọjá wá bá wa.

Ó fẹsẹ̀ rìn padà lọ bá Avril.

"Nítorí fèrèsé lẹ ṣe fẹ́ kí n ṣí kúrò?" obìnrin náà bi í.

"Nítorí Nesta."

"Nesta tó ṣubú? Ẹ ò kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀!"

Ó tan ẹ́ńjìnnì, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó lọ so ọkọ̀ rẹ̀ níwájú. Lapwing kì í gbọ́ràn bó bá ń fẹ̀yìn rìn, nítorí náà èmi ni mo gbé okùn kọ́ èjìká, tí mo gorí afárá, tí mo sì fà á gba abẹ́ rẹ̀ padà.

"Bàbá, ẹṣin yín yìí mà lágbára o!" Avril kígbe. "Ṣé ó máa ń jẹ ọkà bàbà?"

"Ìbéèrè ló máa ń jẹ."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, wọ́n gbé Nesta wọlé. Ó dùbúlẹ̀, ó wo fèrèsé. Omi. Pẹ́pẹ́yẹ méjì.

"Ó dára," ó sọ. "Báwo lo ṣe ṣe é?"

Cyril ròyìn gbogbo ìrìn wa, kò fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sílẹ̀.

"O lọ títí dé ibi ìyíkọ̀?" Nesta bi í. "Kí ló dé tóo ò kàn fi okùn fà á sẹ́yìn gba abẹ́ afárá láàárọ̀, kóo so ó síbẹ̀ láìyí i? Omi náà ni ǹ bá máa wò."

Cyril wo mi. Mo wo kẹ́tù tíì.

"Mi ò ronú kàn án," ó dáhùn.

"Ìwọ tóo ti gba ibẹ̀ láìmọye ìgbà?"

Nígbà tí mo ń lọ, Cyril bu tíì fún mi lórí bèbè. Mo bi í bóyá lóòótọ́ ni kò mọ̀.

"Ká ní mo mọ̀," ó ní, "kí ni ǹ bá wá fi odindi ọjọ́ ṣe nínú ọkọ̀ tí Nesta ò sí?"

Mi ò mọ̀ bóyá ìdáhùn nìyẹn. Mo fẹ́ tún bi í, ṣùgbọ́n Nesta ké láti inú pé kó wá wo ẹyẹ kan. Cyril ti ife tirẹ̀ náà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sáré wọlé, kò sì jáde mọ́.