Ta Ló Kọ́ Ọ Níṣẹ́ Páìpù?

A ò tíì ṣe fídáù ogójì ọjọ́ ọkọ mi tí àbúrò rẹ̀ fi wá bèèrè àpótí irinṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Orí àga tí olóògbé máa ń jókòó sí gan-an ló lọ jókòó sí. Kò bèèrè bí mo ṣe sùn, kò bèèrè àwọn ọmọ.

"Ìyàwó, gbé irinṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi jáde kí n máa gbé e lọ. Kò sí nǹkan tí o máa fi ṣe."

Mo ní, "Ẹ̀yin ọkọ mi, mo ṣì ń fi ṣiṣẹ́."

"Iṣẹ́ wo?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi? Ìwọ opó yìí?"

Nílé tiwa, ẹni tí wọ́n bá ti bí kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ ni lójú ìyàwó. Bí ọkùnrin yìí ṣe kéré sí mi lọ́jọ́ orí tó, "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi omi ṣan ẹsẹ̀ mi wọ agboolé wọn lẹ́yìn Mápó, òun sì ń fi "o" dá mi lóhùn. Mi ò kà á sí ìyà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, bó ṣe na ẹsẹ̀ gbọọrọ lórí àga yẹn, ọ̀rọ̀ kan gun ọ̀fun mi wá tí mo tún gbé mì. Mo sọ fún un pé àpótí náà ò ní í kúrò nínú yàrá mi. Ó dìde, ó na ìka sí mi.

"A ó jọ rí i," ló wí, ó sì jáde.

Púlọ́ńbà ni ọkọ mi. Láti Beere dé Ọjà'ba, títí wọ Oníyanrìn, wọ́n mọ ọwọ́ rẹ̀. Ilé àdúgbò wa kì í ṣe ilé tí wọ́n yàwòrán rẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ọ. Ògiri fara ti ògiri, páìpù ilé ẹnì kan á gba abẹ́ pálọ̀ ẹlòmíì kọjá, omi á sì máa jò nílé ẹni tí kò ní ẹ̀rọ rárá. Ẹni tó bá máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè gba ibi tóóró wọlé, kó sì lè fara da èébú onílé. Ẹ̀yìn tó ń dun ọkọ mi ló kọ́kọ́ dá a dúró. Kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, kò lè gun àkàbà. Èmi ni mo wá ń gùn ún, òun á dúró nísàlẹ̀, á máa pàṣẹ. Kò fi pẹ̀lẹ́ kọ́ mi. Bí mo bá fún páìpù jù tí ẹnu rẹ̀ là, á pariwo mọ́ mi lójú oníbàárà: "Ṣé wọ́n gé ọ lọ́wọ́ ni?" Àìmọye ìgbà ni mo sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì kí n tó sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó yá, mi ò sunkún mọ́, òun náà ò sì pariwo mọ́, torí kò rí nǹkan pariwo lé lórí. Lọ́dún tó ṣáájú ikú rẹ̀, orí bẹ́ǹṣì ló máa ń jókòó sí nílé, èmi ni mò ń lọ.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni àbúrò rẹ̀ ti kọ́ṣẹ́, lásìkò kan náà tí èmi ń gun àkàbà. Wọ́n ṣe fúrídọ́ọ̀mù fún òun: wọ́n ṣàdúrà, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n fún un ní ìwé tó fi gíláàsì bò mọ́ ògiri. Ta ló máa ń ṣe fúrídọ́ọ̀mù fún ìyàwó ara rẹ̀? Kò sọ sí ọkọ mi lọ́kàn, kò sì sọ sí èmi náà. Àbúrò rẹ̀ ló sọ sí lọ́kàn lẹ́yìn tí a sin ín tán.

Ọkùnrin náà ti di alága ẹgbẹ́ àwọn púlọ́ńbà ládùúgbò wa nígbà yẹn. Ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ẹni tó bá gbéṣẹ́ fún mi, bí omi bá wó ilé rẹ̀, kó má pe ẹgbẹ́. Àwọn kan gbà á gbọ́. Ìyá kan ní Beere, tí mo ti bá a tún balùwẹ̀ ṣe nígbà tí gbogbo ilé ń rùn, kò jẹ́ kí n kọjá ẹnu ọ̀nà rẹ̀ mọ́. Ó ní òun ò fẹ́ wàhálà.

Tísà kan tó ti fẹ̀yìn tì wà ní Òkè Padre, ìyá àgbà kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà, tí kì í gba ìgbàkugbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òun ṣì ń pè mí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ síǹkì rẹ̀, mò ń tú páìpù, ni mo rí ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin nínú ilé ìdáná. Alága ni, òun pẹ̀lú àwọn géńdé ẹgbẹ́.

"Jáde níbẹ̀. Ìwé dà?"

"Ìwé wo, ẹ̀yin ọkọ mi?"

"Fúrídọ́ọ̀mù! Ta ló dá ọ sílẹ̀ pé kí o máa ṣiṣẹ́?"

Kí n tó wọ́ ara mi jáde, ọ̀kan nínú wọn ti gbé àpótí irinṣẹ́. Mo di etí rẹ̀ kejì mú. Bí a ṣe ń fà á, ìdérí rẹ̀ ṣí, irin dà sílẹ̀, gbogbo ilé ń dún gbangangban. Ìyá tísà jáde tòun ti ọ̀pá rẹ̀.

"Ta ló ní kí ẹ wọ ilé mi?"

Alága yíhùn padà. "Ẹ má bínú, mà. Obìnrin yìí ò ní ìwé ẹ̀rí ni."

"Ìwọ ńkọ́? Tìẹ tí ìjọba fún ọ dà?"

Ó ní ẹgbẹ́ ló ni iṣẹ́. Ìyá ní kí wọ́n jáde kí òun tó pe ọlọ́pàá. Wọ́n jáde, ṣùgbọ́n wọ́n mú sípánà ńlá ọkọ mi lọ, mi ò sì rí i gbà padà.

Mo rò pé ìyá yìí máa bá mi kẹ́dùn. Èmi ló wá kọjú sí.

"Ìwọ náà, ṣé bí o ṣe máa jókòó nìyẹn, tí o máa pariwo pé o mọ iṣẹ́? Ìjọba ń dán àwọn tó kọ́ṣẹ́ láìlọ sílé ìwé wò, wọ́n sì ń fún wọn níwèé. Lọ gbà á, kí o yéé kó ìjà wọ ilé mi."

Inú bí mi sí òun náà. Irun mi ti ń funfun, mo ti lọ́mọ tó lọ́mọ. Kí ni wọ́n fẹ́ máa dán wò lára mi? Ṣé omi tó ń yọ nílé rẹ̀ ò tó ẹ̀rí ni? Mo so páìpù rẹ̀ tán, mi ò sì dágbére fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, tí mo wo àpótí tí kò sí sípánà nínú rẹ̀ mọ́, mo mọ̀ pé mo máa lọ.

Ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba orúkọ, obìnrin tó jókòó sídìí tábìlì bèèrè ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́. Mo ní ó ti kú. Ó ní kí ẹgbẹ́ àdúgbò mi wá jẹ́rìí pé mo ń ṣe é. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín síbẹ̀.

Mo lọ bá ẹgbẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣèpàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà'ba. Ọkùnrin ló kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tí mo bá wá. Alága jẹ́ kí n kúnlẹ̀ pẹ́. Ó ń wo fóònù rẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ó bèèrè sétí gbogbo wọn:

"Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́ páìpù?"

Àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín. Mo dìde lórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹni tó kọ́ ọ náà ni. Àbí o ti gbàgbé pé èmi ni mò ń na irin sí ọ láti orí àkàbà?"

Ariwo sọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ páìpù ló bí wọn nínú. "O" tí mo pè é ni. Wọ́n ń kígbe pé, "O ń pe ọkọ rẹ ní 'o'? Ìwọ ìyàwó ilé yìí!" Ẹnì kan tì mí léjìká. Ẹlòmíì ní kí n lọ máa wá ọkọ tuntun dípò kí n máa wá ìwé. Alága ò pariwo ní tiẹ̀. Ó kàn ní, "Títí tí wọ́n á fi sin èmi náà, ẹgbẹ́ yìí ò ní í jẹ́rìí sí ọ."

Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Mo padà sí ọ́fíìsì, mo sì rojọ́ náà bó ṣe rí. Obìnrin yẹn ṣu ẹnu jọ, ó ní bí ẹgbẹ́ bá kọ̀, kí n mú àwọn tí mo ti ṣiṣẹ́ nílé wọn wá. Ìyá tísà wá. Ààfáà kan tí mo bá so ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá ní mọ́sálásí rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún alága pé òun wá. Ìyá Beere tilẹ̀kùn mọ́ mi.

Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ti dán wa wò. Èmi nìkan lobìnrin láàárín àwọn tó wá nítorí iṣẹ́ páìpù. Ọkùnrin tó ń dán wa wò ò fẹ́ràn ẹjọ́ wẹ́wẹ́. Mo fẹ́ ṣàlàyé nǹkan fún un, ó ní, "Ìyá, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀, ẹ ṣiṣẹ́." Wọ́n ní ká gé páìpù, ká so ó pọ̀, ká gbé bàsíà ìfọwọ́ kọ́ ògiri, kí wọ́n sì fi omi sí i. Nígbà tí omi dé, ibi tí mo kọ́kọ́ so ya omi sí mi láyà. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ní ìdí ààrò ló yẹ kí n wà. Mo gé ibẹ̀ dànù, mo tún un so, mo dúró tì í títí ó fi gbẹ, wọ́n tún ṣí omi. Kò jò. Lẹ́yìn náà, ẹni tó ń dán wa wò ń bi mí ní orúkọ àwọn irin kan lédè òyìnbó, mi ò mọ púpọ̀ nínú wọn. Ó kọ nǹkan sílẹ̀, kò sì jẹ́ kí ojú wa ṣe mẹ́rin.

Wọ́n ní mo yege, ṣùgbọ́n ìpele ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n fún mi. Gbogbo òrùlé tí mo ti gùn láti ọjọ́ yìí wá, ìsàlẹ̀! Ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn ni mo dúró sí, mo ṣépè fún gbogbo wọn, fún ẹni tó dán mi wò, fún alága, títí kan ọkọ mi tó kú láìsọ orúkọ irin kankan fún mi lédè òyìnbó. Lẹ́yìn náà ni mo ká ìwé náà sínú báàgì, mo wọkọ̀ lọ sílé.

Kò pẹ́ tí kọngílá kan gba iṣẹ́ ilé ìwòsàn kékeré tí wọ́n ń kọ́ lẹ́bàá Oníyanrìn. Àwọn tó gbéṣẹ́ fún un ní kò gbọdọ̀ lo púlọ́ńbà tí kò ní ìwé ìjọba. Ó wá ẹgbẹ́ lọ, alága gbé fúrídọ́ọ̀mù rẹ̀ tòun ti gíláàsì jáde. Kọngílá ní kì í ṣe ìyẹn. Ẹnì kan darí rẹ̀ sọ́dọ̀ mi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mọ́gàjí, olórí agboolé wa, ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí mo dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, alága ti wà níbẹ̀, ó jókòó, ó ń wo ilẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí mọ́gàjí. Òun ni mo kí.

Mọ́gàjí ní, "Ìyàwó, ọkọ rẹ ní kí o yá òun ní ìwé yẹn. Wọ́n á kọ orúkọ tìrẹ sílẹ̀, òun àtàwọn ọmọ ẹgbẹ́ á sì ṣiṣẹ́ náà. Ohun tó bá yẹ kó kàn ọ́ á kàn ọ́."

"Òun ló rán yín, bàbá? Kí ló dé tí kò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́?"

Alága gbójú sókè. "Ìyàwó, ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Má sọ ọ́ di ìjà."

"Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́, ìwọ?" mo bi í. "Lọ jókòó níwájú wọn bí mo ṣe jókòó. Kí wọ́n fi omi sí tìẹ náà."

"Èmi? Alága? Kí n lọ máa ṣe ìdánwò láàárín àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́?"

"Kò burú. Má ṣe é."

Mọ́gàjí bá mi sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó bẹ̀ mí, ó sì bínú, ó ní ilé kan náà là ń gbé, ó ní kí n rántí ẹni tó fẹ́ mi wọ ibẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí mo fi sọ fún un pé rárá. Alága dìde, ó tutọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó jáde.

Mo ṣe iṣẹ́ ilé ìwòsàn náà, èmi àtàwọn tí mo fọwọ́ ara mi yàn. Nínú agboolé, àwọn ìyàwó kan ò kí mi mọ́. Àkọ́bí mi pè mí lórí fóònù láti ìlú tó wà, ó ní ìwà mi le jù, pé ó yẹ kí n ti jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ. Mo bi í bóyá òun ni wọ́n tutọ́ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo bá a sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀, mo sì gé fóònù.

Lọ́dún yìí, ẹbí dáwó, wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí àárín agboolé. Alága ló so páìpù rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè mí, mi ò sì yọjú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i ló ti ń jò níbi tí páìpù ti yà sápá òsì. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti di ẹrẹ̀, àwọn ọmọ ń yọ̀ ṣubú níbẹ̀, àwọn ìyá wọn ń ṣépè fún páìpù. Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Bí mo bá ń kọjá lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, mo máa ń ká ìró mi sókè díẹ̀, mo gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí ẹrẹ̀ náà, mo sì bá tèmi lọ.