Sùlíyá Tó Tún Ojú Igba Èèyàn Wò

Bí ẹ bá kọ́kọ́ rí Sùlíyá, ẹ ó ní aláriwo ni. Aláriwo ni lóòótọ́! Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, kò tíì pé ogójì ọdún, ẹ̀rín rẹ̀ á ti wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé ẹnu ọ̀nà. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń di bátìrì tọ́ọ̀ṣì sínú páálí ní ilé iṣẹ́ kan n'Íkẹjà kí ilé iṣẹ́ náà tó kógbá sílé. Ọdún méjì gbáko ló wá fi jókòó lásán, òun àti ọmọ mẹ́ta tí bàbá wọn ti kú.

Ọdún kejì tí àwọn ṣọ́jà gbé ìjọba sílẹ̀ ni Dókítà Olútóyìn, oníṣègùn ojú, ń wá àwọn tí yóò máa wọ ojúlé dé ojúlé l'Ágége, láti mọ iye àgbàlagbà tí ojú ń yọ lẹ́nu. Sùlíyá ló kọ́kọ́ gbà. Èmi ni ìkejì. Ìyá Ayọ̀tọ́lá ni wọ́n ń pè mí, ará Èkìtì, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, n kì í sì í gba gbẹ̀rẹ́. Sùlíyá ń yẹ ojú wò, èmi ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Òfin kan wà tí Dókítà kì í fi ṣeré: ẹni tó bá kọ ohun tí kì í ṣe òótọ́, ọjọ́ náà ni yóò lọ. Afeez kan láàárín wa jókòó sídìí ẹni tó ń ta tíì, ó ń ronú kọ ojú àwọn tí kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Kò rí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ parí.

Báyìí la ṣe ń ṣe é. Káàdì kan wà tí a ya E sí, ńlá àti kékeré, ẹnu wọn kọjú sí òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún tàbí òsì. Sùlíyá á gbé káàdì dání, àgbàlagbà á dúró sí ìdí okùn mítà mẹ́fà. Á fi ọwọ́ kan bo ojú kan, á fi ọwọ́ kejì júwe ibi tí ẹnu E kọjú sí. Ẹni tí ojú rẹ̀ méjèèjì bá yege, ó di ó dàbọ̀. Ẹni tó bá ṣì í nìkan ló ń lọ rí Dókítà.

Ṣé ẹ mọ bí Sùlíyá ṣe ń wọlé wọn? "Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin bàbá mi, ojú yín ni mo wá kí!" Bàbá tó ti fẹ́ lé wa á rẹ́rìn-ín, á ní kí wọ́n gbé àga fún wa. Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni. Èmi ò ní irú rẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ kan nínú ọ̀sẹ̀ kẹta, oòrùn mú, a yà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Kàsúmù láti sinmi. Òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìntì ni Bàbá yìí. A ti yẹ ojú rẹ̀ wò lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, a sì ti kọ ọ́ pé méjèèjì dára. Sùlíyá jókòó sí apá òsì rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé píọ̀ wọ́tà fún un. Ọwọ́ Bàbá wá omi náà títí, ó kọjá lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Sùlíyá dákẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á mọ̀ pé kì í dákẹ́. Ó dìde, ó ní, "Bàbá, ẹ foríjì mí," ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ bo ojú ọ̀tún Bàbá.

"Ta ló pa iná?" ni Bàbá wí.

Ọ̀sán gangan! Èmi òmùgọ̀ bú sẹ́rìn-ín, mo rò pé ó ń fi NEPA ṣe yẹ̀yẹ́ ni, àfi ìgbà tí mo rí ojú Sùlíyá. Bàbá alára ò mọ̀. Ó ká ọwọ́ Sùlíyá kúrò, ó dá a padà, ó tún ká a kúrò. "Ojú òsì mi dà?" ló ń bi wá, bí ẹni pé àwa la gbé e.

"Bàbá, báwo lẹ ṣe wá ka káàdì wa?" ni Sùlíyá bi í.

Ó fi hàn wá. Ọwọ́ òsì ló gbé ré kọjá imú láti fi bo ojú ọ̀tún, ìka rẹ̀ là, ojú ọ̀tún sì ń yọjú láàárín ìka. "Ṣé ẹ fẹ́ kí n fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí yín ni? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni!"

Yéè! Ó yé wa wàyí. Bí a bá ní kí wọ́n bo ojú òsì, ọwọ́ òsì á bò ó, ọ̀tún á júwe, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bó bá kan ojú ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún ló yẹ kó bò ó, kí òsì wá júwe. Àgbà wo ló máa gbà bẹ́ẹ̀? Sùlíyá wà lókèèrè, èmi tẹrí sínú ìwé. Ojú ọ̀tún nìkan la ti ń yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, lára èèyàn igba ó lé mẹ́rìndínlógún.

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ojú sì ń tì mí dòní. Mo ní, "Sùlíyá, ká mú Bàbá lọ bá Dókítà, ká ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Èyí tó kù, fi sábẹ́ ahọ́n. Rántí Afeez. Rántí ọmọ mẹ́ta."

"Ìyá Ayọ̀tọ́lá, irú Bàbá mélòó ló wà nínú igba yẹn?"

"Ìwọ lo fẹ́ mọ̀ ọ́n?"

"Èmi ni mo sọ fún wọn pé ojú wọn dára." Ó ti ń sunkún. "Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mà."

Mo pè é ní olóríkunkun. Mo ní kó má fa tèmi mọ́ tirẹ̀. Ó di Bàbá lọ́wọ́ mú, wọ́n forí lé Onígbòǹgbò níbi tí ọ́fíìsì Dókítà wà. Kí ni ǹ bá ṣe? Mo gbé àpò ìwé, mo tẹ̀lé wọn.

Sùlíyá sọ gbogbo rẹ̀, kò sì dárúkọ mi rárá. Bàbá ni Dókítà kọ́kọ́ dá lóhùn. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní àrùn kan tí kì í dunni ló ti jí ojú òsì gbé, èyíinì ò lè padà mọ́, ó sì ti ń yọ́ wọ ojú ọ̀tún. Ṣùgbọ́n tọ̀tún ṣì ṣeé gbà là. Ó fún Bàbá ní oògùn tí yóò máa kán sí i.

Sùlíyá ti bọ́ káàdì ìdánimọ̀ ọrùn rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì.

Dókítà tì í padà sí i. "Kí lẹ̀ ń fi sílẹ̀? Èmi ni mo kọ́ yín láìbéèrè ọwọ́ tí àwọn àgbà fi ń júwe. Ẹ lọ tún gbogbo wọn wò. Kí ẹ sì jẹ́wọ́ fún wọn."

Ẹ má rò pé ó rọrùn o. "Ṣé ojú wa lẹ fi ń kọ́ṣẹ́ ni?" Àwọn kan lé wa jáde. Sùlíyá ló wá ń dúró lẹ́yìn wọn báyìí, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bo ojú wọn, èmi ń gbé káàdì. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, a ti rí èèyàn mọ́kànlá tí ojú òsì wọn ti bàjẹ́ láìmọ̀.

Lọ́jọ́ karùn-ún, Alhaja Fàúsát tó ń ta aṣọ kọ̀, kò ṣí géètì. "Ẹ ní ojú mi dára. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ mi. Èwo tún ni?"

"Èmi ni mo ṣì í, Alhaja," ni Sùlíyá wí. Ó ti sọ ọ́ tó ìgbà àádóje, ohùn rẹ̀ ti há. Kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé àwa méjì ni. Ìfẹ́ ọmọ náà kún inú mi débi tó ń dùn mí. Mo gbé àpò kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀, èmi tí mo fi ọdún mẹ́wàá ju Alhaja lọ.

"Àwa méjèèjì ni," mo ní. "Èmi ni mo kọ ọ́."

"Haa! Màmá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó bá mi!" Géètì ti ṣí.

Sùlíyá bo ojú ọ̀tún rẹ̀ pinpin. Mo gbé káàdì sókè. Alhaja júwe òkè. Ó júwe ọ̀tún. Ó dé orí E tó kéré jù lọ, ó júwe ìsàlẹ̀, kò ṣi ọ̀kan. Sùlíyá ń wò mí láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà ń sunkún bí ọmọdé, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀: ojú òsì, ó ríran.