Ibi Tí Èrò Ń Dúró Sí Ní Ibafo

Òórùn ìwé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jáde, pẹ̀lú èéfín jẹnẹrétọ̀, ló máa ń kí èèyàn káàbọ̀ sí kafé kan báyìí ní Ibafo, létí ọ̀nà márosẹ̀. Nígbà yẹn, fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ti tẹrú-tọmọ. Ibẹ̀ ni mo ti rí máàpù kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ẹnikẹ́ni lè fi ohun tó mọ̀ kún. Mo wá ọ̀dọ̀ tiwa níbẹ̀, òfìfo ni. Ó bí mi nínú gan-an. Bí èmi àti obìnrin tó ni kafé náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì ń gbà láti Ibafo dé Mowe nìyẹn, a sì ní bí a bá ti parí rẹ̀, ó di Ifọ̀.

Kí iṣẹ́ wa lè bára mu, a ní láti fẹnu kò lórí ohun tí a máa pè ní ibùdókọ̀. Èmi ní tèmi, mo fẹ́ràn ohun tó bá gún régé. Mo ní ibi tí wọ́n bá kọ́ ilé onípáànù sí fún èrò nìkan la máa fi àmì sí. Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín.

"Bọ̀ọ̀dá, ta ló ń dúró síbẹ̀? Ṣé ẹ ò rí i pé iwájú fọ́kanáísà ni gbogbo ayé wà ni?"

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ jàre. Fọ́kanáísà lè kó lọ lọ́la. Máàpù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu."

Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Èmi sì gbà pé mo ti borí, agídí ara mi ni mi ò mọ̀.

Láàárín ìgbà yẹn, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá láti ìlú wa ní Ọ̀ṣun, ó ń gbé lọ́dọ̀ mi. Olùkọ́ ni, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wáṣẹ́ tí kò rí. Ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Mowe wá pè é fún intafíù aago mẹ́wàá, oorun ò kùn ún. Mo tẹ máàpù wa sórí ìwé fún un, mo fi bírò pupa yí ibi tó máa dúró sí po. Inú mi dùn, bíi pé èmi ni mo la ọ̀nà yẹn.

Mo wà ní kafé nígbà tó pè mí. Aago mẹ́wàá ti ń lọ lù.

"Bọ́ọ̀sì kankan ò dúró fún mi o!"

Mo fò sórí ọ̀kadà. Háà! Ẹ̀gbọ́n mi rèé nínú ilé onípáànù, aṣọ rẹ̀ ń dán, ewúrẹ́ abiyamọ kan ló bá a jókòó. Ọ̀gbàrá ti wa iwájú ibẹ̀ kòtò débi pé kò sí awakọ̀ tó lè yà síbẹ̀, ojoojúmọ́ ni mo sì ń kọjá! Lọ́ọ̀ọ́kán, níwájú fọ́kanáísà, bọ́ọ̀sì ń kó èrò. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ ní àwọn ti ń pè é tipẹ́, pé "Àǹtí, ẹ máa bọ̀ níbí!" Ìwé ọwọ́ rẹ̀ ló kàn ń fì sí wọn.

"Kí ló dé tí ẹ ò lọ bá wọn?"

Ó wò mí.

"Ìwọ lo yà á. Ọ̀rọ̀ ta ni mo tún fẹ́ gbọ́?"

Ojú tì mí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, mo fà á dìde, a sáré wọ bọ́ọ̀sì. Ìyá tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà ti fajú ro nígbà tí a dé. Mo jẹ́wọ́ pé èmi ni mo jẹ̀bi, mo fi ìwé náà hàn án. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi wọlé. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó gbà á síṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì mo sọ fún obìnrin oníkafé pé, "Ẹ̀yin lẹ jàre." A tún òfin wa kọ: ibi tí èrò ń dúró sí tí ọkọ̀ sì ń dúró fún wọn ni ibùdókọ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí wọ́n dúró sí gan-an ni kí àmì wà, kí àlọ ní tiẹ̀, kí àbọ̀ ní tiẹ̀. Bí èrò bá kó lọ síbòmíràn, kí àmì tẹ̀ lé wọn. Òfin yẹn la fi ya Ifọ̀, àwọn míì tó ń ya máàpù náà, tí a ò rí rí, sì ń lò ó títí dé Ajúwọ̀n.

Títí di òní, mi ò kì í fi àmì sí ibì kan láìkọ́kọ́ dúró níbẹ̀ títí ọkọ̀ á fi dúró fún mi. Ẹni tó fọkàn tán mi bíi ti ẹ̀gbọ́n mi lè wà lára àwọn tó máa di máàpù náà lọ́wọ́, ibi tí mo bá sì fi àmì sí ló máa dúró sí.