Sátidé Kan Ṣoṣo Tí Maren Ń Wá

Iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé jíjókòó ti fóònù ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Maren Tollefsrud náà rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún un, torí ó rò pé ẹni tó bá ti gbàwé àṣẹ láti wa bàálù ńlá, bàálù náà ni yóò máa wà. Àfi ìgbà tó dé ìdí iṣẹ́, tó bá ara rẹ̀ nínú ilé kan nítòsí pápákọ̀ òfuurufú Detroit, tó ti wọ aṣọ iṣẹ́ tán, tó so táì mọ́rùn, tó ń wo fóònù lórí tábìlì bí ẹni ń wo ìkòkò tó kọ̀ tí kò hó. Bí awakọ̀ kan bá ṣàìsàn, tàbí tí ìjì bá dá ẹlòmíì dúró sí ìlú onílùú, wọn á pè é. Bí ara gbogbo ayé bá dá ṣáṣá, á bọ́ táì sílẹ̀, á lọ wá nǹkan jẹ. Dúró-de-ìpè ni wọ́n ń pe irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ẹni tuntun ló sì ń jẹ ẹ́ jù.

Ìdí ni pé lẹ́nu iṣẹ́ wọn, ipò àgbà kì í ṣe ti ewú, kì í sì í ṣe ti ọgbọ́n orí. Ọjọ́ tí o wọlé ni. Ẹni tó wọlé lánàá ni ẹ̀gbọ́n ẹni tó wọlé lónìí, kódà kí ẹni òní jẹ́ bàbá tó bí i lọ́mọ. Nọ́ńbà tí wọ́n bá fún ọ lọ́jọ́ náà ló ń sọ ọjọ́ tí o máa sinmi, ìlú tí o máa sùn, àti bóyá wàá wà nílé jẹun Kérésì. Àwọn tó bá jọ wọlé lọ́jọ́ kan náà, bí wọ́n ṣe dàgbà jura wọn lọ ni wọ́n ń tò wọ́n. Maren ló sì kéré jù nínú kíláàsì tiwọn. Kip Delacroix tó wà lókè rẹ̀ gan-an kò fi ju oṣù díẹ̀ lọ dàgbà jù ú lọ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni kò ti pe orúkọ rẹ̀ mọ́. "Àbíkẹ́yìn" ló ń pè é.

Lóṣooṣù, kálukú á kọ ohun tó fẹ́ ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́: ọjọ́ tó fẹ́ fi sinmi, àkókò tó fẹ́ fi dúró de ìpè. Ẹ̀rọ náà á wá pín oṣù. Maren ò tíì kọ ìbéèrè kankan rí nígbà tí bàbá rẹ̀ pè é láti Minnesota.

Orrin ni bàbá yìí ń jẹ́. Oògùn oko ló ń fi bàálù fọ́n sórí ọ̀gbìn àwọn àgbẹ̀ agbègbè rẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ wá, òun ló sì kọ́ Maren ní wíwa ọkọ̀ òfuurufú, nínú ọkọ̀ kékeré kan báyìí tó jẹ́ oníjókòó méjì, nígbà tí ẹsẹ̀ ọmọ náà ò tíì kanlẹ̀ dáadáa. Ojú ti wá ń dun Orrin. Dókítà ní tí oṣù Kẹwàá bá ti parí, òun ò ní fọwọ́ sí ìwé tó fi ń wa bàálù mọ́.

"Maren, Sátidé páńkéèkì ni mo fẹ́ fò kẹ́yìn." Sátidé yẹn ni gbogbo ìlú máa ń kóra jọ sí pápá bàálù kékeré tí wọ́n ní, kí yìnyín tó dé, tí wọ́n á jẹ páńkéèkì, tí wọ́n á máa wo ọkọ̀. "Èmi ni mo máa wà á o. Ìwọ lo máa jókòó tì mí. Mi ò fẹ́ ẹlòmíì níbẹ̀."

"Dádì, mo máa wà níbẹ̀."

"Má ṣèlérí. Mo gbọ́ pé ẹ̀rọ ló ń pín ọjọ́ fún yín."

"Màá bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀."

Orrin rẹ́rìn-ín. "Kó o bá a sọ ọ́ dáadáa, torí kò mọ bàbá ẹ."

Ìgbà ooru ilẹ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni o, oṣù Kẹwàá ṣì jìnnà. Maren ní kóun tètè kọ́ iṣẹ́ ìbéèrè yìí kí Sátidé ọ̀hún tó dé. Ó rí Kápútẹ́ẹ̀nì Voss, àgbà awakọ̀ kan tó máa ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ìbéèrè tirẹ̀ han òun. Voss ò ṣahun. Ó fi hàn án: kò fẹ́ Sátidé, kò fẹ́ Sọ́ńdè, kò fẹ́ jí ní ìdájí. Ó ní gbogbo ohun tóun bá bèèrè lòun ń rí gbà. Inú Maren dùn dé etí. Ó da ìbéèrè Voss kọ bó ṣe rí, ó fi ránṣẹ́, ó sùn fọnfọn.

Nígbà tí ìpín oṣù jáde, gbogbo Sátidé, gbogbo Sọ́ńdè ló fi máa ṣiṣẹ́, ìdájí lórí ìdájí. Ọmọbìnrin náà wò ó títí, ó ní bóyá ẹ̀rọ ka ìwé òun ní ìdàkejì.

Nínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé ló ti lọ bá Leland Prewitt, onílé tó ń fi bẹ́ẹ̀dì háyà fún Maren, Kip àtàwọn awakọ̀ mìíràn. Leland fúnra rẹ̀ náà ń wa bàálù. Irun rẹ̀ funfun báláú, nọ́ńbà rẹ̀ ti ga débi pé ó lè bèèrè iṣẹ́ tó bá wù ú, síbẹ̀ dúró-de-ìpè ló ń ṣe lọ́dọọdún, tó ń tọ́jú tòmátò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti ń yọ Maren lẹ́nu látọjọ́ tó ti débẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì bi í.

"Ìbéèrè ta lo lọ wò kọ?" ni Leland wí, nígbà tó rí oṣù náà.

"Ti Kápútẹ́ẹ̀nì Voss. Àwọn fúnra wọn ló fi hàn mí."

Leland rẹ́rìn-ín títí ó fi wá garawa jókòó lé. "Voss! Ọmọ yìí, kí ìyá ẹ tó lóyún ẹ ni Voss ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Bí Voss bá ní kí wọ́n fún òun lóṣùpá, wọ́n á bi í pé ṣé odidi ni àbí ààbọ̀."

"Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o, Leland. Kí ni mo ṣe tí ò dáa?"

"O bèèrè ohun tó ti tán. Ẹ̀rọ yẹn ò burú, kò kàn mọ ẹnikẹ́ni ni. Òkè ló ti ń bọ̀ wá sísàlẹ̀. O ní o ò fẹ́ Sátidé: kò sí èyí tó lè yọ fún ẹ mọ́, ó sọ ọ́ nù. O ní o ò fẹ́ ìdájí: ó sọ ọ́ nù. Nígbà tí kò rí nǹkan kan tó lè fún ẹ nínú gbogbo ohun tó o kọ, ó kó ìyókù dà sí ẹ lọ́wọ́." Ó gbá eruku kúrò lórúnkún. "Tẹ́ ẹ bá ń jẹun nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dọ̀ yín, tó o bá kẹ́yìn ìlà, kí ló máa ń kù?"

"Makaróònì tó jó mọ́ igun páànù."

"Ṣé o fẹ́ràn ẹ̀?"

"Ẹ̀n-ẹ́n! Torí ẹ̀ ni mo ṣe máa ń mọ̀ọ́mọ̀ kẹ́yìn."

"Ó parí. Lọ bèèrè igun páànù."

Àṣé bẹ́ẹ̀ ni! Maren lọ jókòó, ó ń wá ohun tí àwọn àgbà ò fẹ́. Kò sí ẹni tó bi í tí kò dá a lóhùn, torí awakọ̀ fẹ́ràn àtisọ̀rọ̀ nípa ìbéèrè ju oúnjẹ lọ. Ó rí i pé àwọn tó bímọ fẹ́ wà nílé lálẹ́, wọn kì í fẹ́ dúró de ìpè láti ọ̀sán lọ. Ó sì rí i pé kò sí ẹni tó ń jà du Túsìdé àti Wẹ́sìdé. Òun kì í ṣe ẹni tó lè tètè jí, Túsìdé ò sì ṣe é ní nǹkan kan. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tó bèèrè ló rí gbà, láìyọ ọ̀kan. Ó pariwo débi tí Kip fi já bọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì òkè.

"Àbíkẹ́yìn! Ta lo bẹ̀ nínú wọn?"

"Makaróònì ni mo bẹ̀."

Ṣùgbọ́n ayọ̀ yẹn ò pẹ́ tó fi rántí ohun tó ń wá. Sátidé páńkéèkì kì í ṣe igun páànù. Àkókò ọdẹ ni, ewé igi ti pọ́n, bọ́ọ̀lù ń lọ, gbogbo àgbà ló fẹ́ ẹ. Ó bẹ èèyàn pé kí wọ́n bá òun pààrọ̀ bó bá dìgbà náà. Wọ́n wò ó bí ẹni tó ní kí wọ́n yọ ẹ̀dọ̀ wọn fóun. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbogbo ìgbà tí bàbá rẹ̀ bá pè ni yóò bi í pé, "Ṣé wọ́n ti fún ẹ níṣẹ́ tó dájú?" Ìrìn-àjò tó ti wà lákọsílẹ̀ ṣáájú ló ń wí. Àwọn ọ̀rẹ́ bàbá náà tí wọ́n jọ ń mu kọfí ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ọ̀kan tilẹ̀ ní ọmọ Orrin ni aláìríṣẹ́ṣe àkọ́kọ́ tóun máa rí tó wọ aṣọ iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dun Maren wọ egungun, kò sì jẹ́ kí bàbá mọ̀.

Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, ilé iṣẹ́ gba àwọn tuntun rẹpẹtẹ, wọ́n sì sọ àwọn kan lókè di kápútẹ́ẹ̀nì. Nọ́ńbà gbogbo wọn gòkè.

"A ti bọ́!" ni Kip ń ké, ó ń jó nínú kíṣìnnì. "Iṣẹ́ tó dájú! Fóònù, ó dàbọ̀! Àbíkẹ́yìn, ìwọ náà ti wọ̀ ọ́, ìwọ ni ìrù ìrù wọn, ṣùgbọ́n o ti wọ̀ ọ́."

Maren fẹ́ pe bàbá rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ti mú fóònù dání. Ọ̀rọ̀ kan tí Kip sọ ló dá a dúró: ìrù ìrù wọn. Ó gba ojú fèrèsé wo Leland tó ń já tòmátò tó gbẹ̀yìn, ohun tó ti ń rò láti ọjọ́ yìí sì là sí i lójú. Ó sáré bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé.

"Leland, nínú àwa tá à ń dúró de ìpè, ta ló wà lókè yín?"

Leland ò gbójú sókè. "Kò sẹ́nì kankan."

"Torí ẹ̀ lẹ ò ṣe kúrò níbẹ̀!"

"Ó mà pẹ́ kó o tó bèèrè o."

"Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pín tàwọn tó níṣẹ́ tó dájú, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pín tiwa. Tí mo bá lọ sọ́hùn-ún, èmi ni màá kẹ́yìn ìlà. Tí mo bá dúró síbí, gbogbo àwọn tuntun yẹn, ẹ̀yìn mi ni wọ́n wà."

"Èmi àtàwọn díẹ̀ la máa kọ́kọ́ bu tiwa, ló bá kàn ẹ́."

Ẹ̀yin náà ẹ wo nǹkan. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè. Látọjọ́ yìí wá, pẹpẹ ni Maren ń nawọ́ sí.

"Leland, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò ní gba Sátidé páńkéèkì mọ́ mi lọ́wọ́?"

"Tòmátò ò mọ Sátidé," ni Leland wí.

Ẹ má rò pé ó rọrùn. Ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó ń gbọ́ ẹ̀fẹ̀ àwọn amu-kọfí nínú etí rẹ̀. Tó bá tẹ ibì kan báyìí, ìtìjú bàbá rẹ̀ parí, àmọ́ ẹlòmíì ni yóò jókòó tì í nínú ọkọ̀. Ó fẹ́ méjèèjì, kò sì lè rí méjèèjì. Ó kọ ọ́ pé òun fẹ́ dúró de ìpè, ó fi Sátidé náà ṣáájú gbogbo ohun tó bèèrè, ó sì fi ránṣẹ́ kí ọkàn rẹ̀ tó yí.

"Ṣé orí ẹ dàrú ni?" Kip ò gbà á gbọ́. "O tún fẹ́ lọ jókòó ti fóònù?"

"Jẹ́ n jókòó tì í."

Nígbà tí oṣù jáde, Kip níṣẹ́ tó dájú: kò sí Sátidé kan tí kò ní wà lójú ọ̀run. Maren ní Sátidé rẹ̀. Ó sunkún díẹ̀ nínú balùwẹ̀, ó bọ́jú, ó jáde.

Kùrukùru bo pápá Minnesota láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn èèyàn ń jẹ páńkéèkì tí wọ́n ń wojú sánmà. Orrin fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sídìí tábìlì àwọn amu-kọfí.

"Ọmọ mi rèé. Ẹ bi í wò, bóyá wọ́n ti fún un níṣẹ́ tó dájú."

Gbogbo ojú yí sí Maren. Irọ́ wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó gbé e mì.

"Rárá o. Mo ṣì ń dúró de ìpè."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Orrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún ò dé ojú rẹ̀. Nígbà tí kùrukùru ká, wọ́n wọ ọkọ̀ oníjókòó méjì náà, bàbá gbé e gòkè. Orí oko àgbàdo tí wọ́n ti kórè ni wọ́n wà nígbà tí Maren sọ̀rọ̀.

"Dádì, wọ́n fẹ́ fún mi. Èmi ni mo ní kí wọ́n má fún mi. Tí mo bá gbà á, mi ò ní lè wà níbí lónìí."

 Orrin yí ọkọ̀ gba orí odò lọ, ó tún yí i padà. Ó wá bi í pé, "O ní in lọ́wọ́, o wá fi sílẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Òfin kan wà láàárín àwọn awakọ̀, pé èèyàn méjì kì í di ọkọ̀ kan mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ fi í sílẹ̀ á ní, "Ọkọ̀ tìẹ ni". Ẹnì kejì á dáhùn pé, "Ọkọ̀ tèmi ni," kó tó fọwọ́ kàn án. Lójú òfuurufú, Orrin ti sọ ọ́ fún Maren àìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti balẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń wa ọkọ̀ wọlé rẹ̀, kì í jẹ́ kí ẹlòmíì dán an wò, torí ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ̀ náà há, ìyẹ́ fẹ́ẹ̀ẹ́ kan ògiri lọ́tùn-ún lósì.

Orrin mú un balẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ tọ sókè lẹ́ẹ̀mejì kó tó dúró, àwọn tó ń jẹ páńkéèkì sì pàtẹ́wọ́. Ó wà á lọ títí dé iwájú ilé ọkọ̀. Ó dá a dúró níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó ń wo ẹnu ọ̀nà náà, ó ń ṣẹ́jú, ó tún wò ó. Ó wá gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò, ó kó wọn lé itan.

"Maren," ó ní, "ọkọ̀ tìẹ ni."

Maren wo ìyẹ́ lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì. 

"Ọkọ̀ tèmi ni," ó dáhùn, ó sì wà á wọlé.