Òkúta tí Shuaib Dá Padà

Ó ti rẹ Sọ̀fíyàt. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń mú lọ o. Láti àárọ̀ ló ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní físíìsì l'Ágége, ìrọ̀lẹ́ a sì bá a ní yunifásítì, níbi tó ti ń lé oyè dókítà tí kò tètè fẹ́ bọ̀. Wọ́n ti sún àsìkò rẹ̀ síwájú títí, wọ́n wá ní ìparí oṣù yìí ni òpin. Bí kò bá rí èsì mú wá, gbogbo làálàá náà wọmi nìyẹn.

Òkúta dídán kan ló kù tí kò ní, kírísítálì tí kò tóbi ju èékánná lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Shuaib, tó ń ta ojú fóònù ní Computer Village, ni Sọ̀fíyàt ní kó bá òun rà á láti Ṣáínà, torí ibẹ̀ ni Shuaib ti ń kó ọjà. Orúkọ òkúta náà àti nọ́ńbà rẹ̀ nìkan ló kọ fún un.

Òkúta dé, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bíi sobo tí wọ́n bu omi là. Lọ́dọ̀ àwọn Shuaib, gíláàsì tó bá ti yí àwọ̀, ayédèrú ni. Àwọn àgbà ní a mọ̀ ọ́n gún, a mọ̀ ọ́n tẹ̀, iyán ewùrà á lẹ́mọ. Shuaib ò gbà. Ó dá a padà, ó bá ará Ṣáínà fa ọ̀rọ̀ títí wọ́n fi fi èyí tó mọ́ gaara ránṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá sí yunifásítì.

"Orijíná ni mo gbà fún ẹ," ó ní.

Sọ̀fíyàt rí i pé kò pọ́n rárá. Síbẹ̀, ó tan iná lésà sí i, ó ń wò ó bóyá àwòrán tó fẹ́ fi ìmọ́lẹ̀ náà tẹ̀ sínú rẹ̀ á dúró. Ìmọ́lẹ̀ wọlé, ìmọ́lẹ̀ jáde, bí àlejò tí wọn ò fún ní àga.

"Ó mọ́ jù, bọ̀dá mi."

"Ohun tó mọ́ tún ń mọ́ jù?"

Ó ti rẹ Sọ̀fíyàt kọjá kó parọ́. "Pupa tẹ́ ẹ rí lára ti àkọ́kọ́ yẹn, irin ni. Àbùkù yẹn gan-an ni mò ń wá. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bà lé irin náà, á já iná mànàmáná tíntín kan gbà lára rẹ̀, tí ojú ò lè rí. Iná yẹn á sá kúrò níbi tó mọ́lẹ̀, á lọ há sára irin mìíràn níbi tó ṣókùnkùn. Ibi tó bá kóra jọ sí, òkúta á máa tẹ ìmọ́lẹ̀ síbòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ṣe ń dúró. Èyí tẹ́ ẹ mú wá yìí, kò ní ohun tó máa tú sílẹ̀, kò níbi tó máa há a sí."

"Ká ní kí wọ́n dá tọ̀hún padà wá ńkọ́?"

"Kò lè dé kí oṣù tó parí."

Ìtìjú bo Shuaib, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ó yé mi," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́. "Gbogbo ẹ̀ ló yé mi. Nígbà tó o ní kí n bá ẹ rà á, mo bi ẹ́ pé kí lo fẹ́ fi ṣe. Màmá náà bi ẹ́. O ní kò lè yé wa."