Ojú Alhaji Múfútàù Kò Lọ

Háà, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, Alhaji Múfútàù, ẹ ti lọ, ẹnu mi ò sì tíì sọ ohun tó yẹ kó sọ. Èmi Ràṣídì ni mo ba ìbọn Nọ́ọ̀sì Ráliátù jẹ́. Kì í ṣe ẹ̀yin. Ó di ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja: kò wọlé, kò jáde.

Sẹ́kọ́ńdìrì ni mo kà mọ. Nínú ìwé ìrántí tí a fẹ́ pín níbi àdúrà yín, àwọn tó mọ̀wé kọ yóò pè yín ní akíkanjú, olóòótọ́, baba aláàánú. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ ìyẹn nìkan, irọ́ ni mo tún pa mọ́ òkú yín.

Nígbà tí ẹ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ mẹkáníìkì bọ́ọ̀sì, ẹ tẹ́ tábìlì sí ìsàlẹ̀ ilé yín ní Lanham, nílẹ̀ Amẹ́ríkà níbí, ẹ gbé ìwé àṣẹ kọ́ ògiri, ẹ ń tún ìbọn ṣe. Tirígà, ibi tí ìka ti ń fa ìbọn, ni wọ́n mọ̀ yín mọ́. Àwọn ìbọn ìléwọ́ kéékèèké kan wà, èyí tí ilé ọta rẹ̀ máa ń yí, tí tirígà rẹ̀ le débi pé èèyàn á wa eyín pọ̀ kó tó lè fà á. Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń mú un rọ̀. Ẹ kì í fọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé ẹlòmíràn bá yín wò ó pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, Àlàájà, ló ń gbé tíì kọjá, ẹ ó pè é: "Ìyá Kúdí, wá wo inú ihò yìí fún mi. Ojú ẹnì kan ò tó ìbọn."

Òun náà á ní, "Ẹ kọ́kọ́ wo inú ife yín, tíì ti tutù!"

Lẹ́yìn náà, Bísímílàhi. Ẹ ó fi òkúta ìpọ́nbẹ tó kúnná ra irin náà lẹ́ẹ̀mejì péré, ẹ ó nù ún, ẹ ó kán epo sí i, ẹ ó dijú, ẹ ó fà á, ẹ ó máa gbọ́ ọ. Ẹ ó tún ra á lẹ́ẹ̀mejì. Odindi ọjọ́ mẹ́ta lórí ìbọn kan! Èmi tí mò ń ràn yín lọ́wọ́, ara mi ò ní balẹ̀, bí ẹni tí èèrà wọ̀ láṣọ. Ẹ ó ní, "Ràṣídì oníwàdùwàdù, irin ò mọ̀ pé o ń kánjú."

Nọ́ọ̀sì Ráliátù gbé tirẹ̀ wá láti Hyattsville. Òun nìkan ló ń gbé, olè sì ti já ilé rẹ̀ rí. Gbígbé aláìsàn lọ́dún gbọọrọ ti ba oríkèé ìka rẹ̀ jẹ́. Ìka méjì ló fi ń fa tirígà, omi á sì lé sí i lójú. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó fún yín ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ọjọ́ Jímọ̀, ẹ lọ sí mọ́sálásí. Mo ní ẹ̀yìn ń ro mí, mi ò bá yín lọ. Mo fẹ́ kí ẹ dé kí ẹ wí pé, "Ràṣídì, o káre." Mo mú píláyà, mo gé sípíríìnì inú ìbọn náà, irin lílọ́ tó ń fi agbára lu ọta, kúrú díẹ̀. Tirígà rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná! Kí ẹ tó dé, obìnrin náà ti yà wá. Mo gbé e fún un. Mo ní, "Alhaji ti parí ẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì ló gbé e lọ sí pápá tí wọ́n ti ń kọ́ ìbọn yíyìn. Ó fà á: kà! Kò dún. Ó tún fà á: kà! Sípíríìnì kò lágbára mọ́ láti lu ọta. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ó gba ọ̀dọ̀ yín wá tààrà.

"Alhaji, ṣé ìbọn ìṣeré ni mo gbé fún yín ni? Tó bá jẹ́ pé olè ló dúró níwájú mi ńkọ́?"

Ẹ tú u. Ẹ rí ojú ibi tí mo gé. Ẹ wò mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń wá nǹkan tó já bọ́. Ẹ ní, "Ẹ má bínú, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Orí tábìlì mi ló ti jáde. Ẹ̀bi mi ni."

Kò jẹ́ kí ẹ tún un ṣe. Ó ń sọ fáwọn èèyàn pé, "Ojú Alhaji ti ń lọ o, kò ríran dáadáa mọ́," ohun tó gbà gbọ́ ló sì ń sọ. Nígbà tí àwẹ̀ fi máa dé, ẹnikẹ́ni ò gbé ìbọn wá mọ́. Ẹ fi aṣọ bo tábìlì, ẹ ní ẹ fẹ́ sinmi. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ ṣì máa ń jókòó sí, tẹ́ ẹ ó máa fọwọ́ pa aṣọ náà.

Ẹ̀ẹ̀kan lẹ kàn án, níbi tá a ti ń ṣínu: "Ràṣídì, tirígà tó bá rọ̀ jù, ńṣe ló ń tan ọwọ́ jẹ." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," mo sì mú èso dàbínù míì. Ẹ mú tiyín dání. Ẹ ò jẹ ẹ́, ẹ ń wò mí. Mo mọ ohun tẹ́ ẹ ń dúró dè.

Ṣé ìbẹ̀rù Ọlọ́run ló jẹ́ kí n kọ ọ́ báyìí, àbí nítorí pé ẹ ò lè wò mí lójú mọ́? Mi ò mọ̀.

Ẹ sùn ire o, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Kí Ọlọ́run fẹ ibojì yín, kó tan ìmọ́lẹ̀ sí i.

Nọ́ọ̀sì Ráliátù ti ní òun ń bọ̀ níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Kò yẹ kó jẹ́ inú ìwé yìí ni yóò ti kà á, láàárín èrò. Lọ́la, kí n tó gbé e lọ fún atẹ̀wé, màá wakọ̀ lọ sí Hyattsville, màá dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kó tó jáde lọ síbi iṣẹ́, màá sì sọ fún un pé, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ojú Alhaji ò lọ rárá. Ọwọ́ mi ni."