Ìyàwó Uncle Kù sí Shiraz

Bí Uncle bá fẹ́ mu tíì, á kọ́kọ́ fi eyín di hóró ṣúgà kan mú, kó tó máa fa tíì náà díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀ Páṣíà, tí à ń pè ní Iran báyìí, ló ti kọ́ ọ. Mọ́sálásí kan náà la ti ń kírun ní Atlanta, èmi ni mo sì máa ń fi mọ́tò gbé e padà sílé rẹ̀ ní Buford lọ́jọ́ Jímọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ló fẹ́ràn ìtàn àwọn ọba Páṣíà àtijọ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, òun àti Uncle jọ lọ wo àwókù ààfin àwọn ọba náà. Ní ìlú Shiraz, obìnrin náà sùn, kò jí mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí.

Lọ́jọ́ kan, mo bi í nínú mọ́tò pé, "Uncle, kí ló dé tí ẹ ò gbé Aunty wálé?"

Ó yíjú sí fèrèsé mọ́tò, ó ní,

"Gbogbo àdúgbò tí a dé sí ló sìn ín dé ibojì. Wọn ò gbọ́ èdè wa, síbẹ̀ wọ́n ń sunkún. Ìyá àgbà kan di ọwọ́ mi mú títí ilẹ̀ fi ṣú. Ta ló mọ̀ wá tó báyẹn níbí?"

Mo ní, "Àwa ńkọ́, Uncle?"

Ó rẹ́rìn-ín. "O ṣeun, ọmọ mi."

Àárín ọ̀sẹ̀ ni Uncle kú. Mo wà lórí shift níbi iṣẹ́ mi ní Suwanee lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, mi ò sì tọrọ ààyè láti lọ. Wọ́n ní ènìyàn márùn-ún ló sìn ín dé ibojì.